Kárá-kárá àti Kàrà-kàrà: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìró Àwo-Ìpamọ́ Kọ̀ǹpútà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, kọ̀ǹpútà tí mo ń lò nílé bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí kò ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo kó ohùn àwọn àgbà òṣìṣẹ́ kan pa mọ́ sí, àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní Ìkẹjà, tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì sí Agége. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, àbùkù ara ẹ̀rọ àti ìró ẹ̀rọ ni mo ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Mo tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà Otigba ní Ìkẹjà, mo ní kọ̀ǹpútà mi ń pariwo. Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ kú alẹ́, Dọ́kítà. Irú ariwo wo ni, sà?" Mo ronú díẹ̀, mo sì tẹ èsì náà láìfi àmì ohùn kankan sí i: "O n dun kara kara." Ó ní kò léwu, kí n jẹ́ kí ó parí iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí n gbé e wá láàárọ̀. Mo fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ ní títàn mọ́jú.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnjiníà náà so ó mọ́ iná, ó tẹ́ etí sí i fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó sì yára pa á. Ó ní, "Dọ́kítà, kì í ṣe èyí lẹ kọ sí mi o. Kárá-kárá ni mo kà. Kàrà-kàrà lèyí."

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ àti owó tí kò kéré, díẹ̀ nínú àwọn ohùn náà padà. Èyí tí ó pọ̀ jù kò padà. Méjì nínú àwọn tí a kò rí ohùn wọn gbà mọ́ ti di olóògbé, a kò sì lè padà lọ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti sọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni bí ó ti yẹ kí a sọ ìró àwo-ìpamọ́ lórúkọ nínú ìwé tí a bá kọ ní Yorùbá fún àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà, fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún ọmọ iṣẹ́. Èrò mi ni pé èdè Yorùbá ti ní ohun èlò fún iṣẹ́ yìí ju èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ń túmọ̀ rẹ̀ lọ, àti pé bí a bá pa ohun èlò náà tì, tí a ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn yóò máa pàdánù ohun tí wọ́n kó pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Agbègbè Ìkẹjà àti Agége jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi etí ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ti la Agége kọjá kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ni a ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ilé-iṣẹ́ ọtí, ti aṣọ àti ti oríṣiríṣi ohun èlò kún òpópónà Oba Akran àti àyíká rẹ̀. Ẹni tí ó bá bá àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ sọ̀rọ̀ yóò gbọ́ pé etí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé òwú ti já tàbí pé irin kan ti yẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó wà. Kí ojú tó rí i, etí ti gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti pa ìlẹ̀kùn dé, ṣùgbọ́n àṣà kí a máa fi etí yẹ ẹ̀rọ wò kò tíì kúrò ní àdúgbò.

Nínú ìgboro Ìkẹjà yìí kan náà ni ọjà kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990. Òpópónà tí àwọn ènìyàn ń gbé ni Otigba tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí fóònù alágbèéká sì dé ní 2001, ọjà náà tàn dé Ola-Ayeni, Pepple àti àwọn òpópónà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń sọ pé òun yóò kó wọn lọ sí Katangowa, ní ọ̀nà tí ó ti Agége lọ sí Abẹ́òkúta. Ohun tí ó kàn wá níbí ni bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá kì í fún wọn ní ìwé. Yóò gbé àwo-ìpamọ́ sí wọn létí, yóò ní, "Gbọ́ ọ." Bí ọmọ náà bá gbọ́ ọ, ó ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ dún un padà kí ọ̀gá lè mọ̀ pé ó gbọ́. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, nítorí náà ni ẹ ó ṣe rí ọmọ iṣẹ́ tí ó fi ẹ̀yìn síkúrúdiráfà kan igun àwo-ìpamọ́, tí ó sì fi orí rẹ̀ kejì kan egungun etí ara rẹ̀. Dókítà a máa fi irin-iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ àyà aláìsàn. Èyí kò yàtọ̀.

Kí ni a ó pe ohun náà fúnra rẹ̀? Àwọn kan ń kọ ọ́ ní "àwo líle". Ìtumọ̀ olọ́rọ̀-kọ̀ọ̀kan ni. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, líle yìí dojú kọ rírọ̀, nítorí pé àwo rírọ̀ pẹlẹbẹ kan wà tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu láyé ọjọ́un. Àwo rírọ̀ ti kúrò nílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sì rí i rí kò lè mọ ohun tí èyí fi le. Ní Otigba, "háàdì" ni tọmọdé tàgbà ń pè é, n kò sì rò pé ìwé wa lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Kò sì yẹ kí ó gbìyànjú rẹ̀. Fún ìwé kíkọ, mo yan àwo-ìpamọ́. Ìdí ni pé láti ayé ẹ̀rọ giramafóònù ni "àwo" ti di orúkọ ohun pẹrẹsẹ tí ń yí, tí apá kan nà sórí rẹ̀, tí a sì ń ti ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí a fi pamọ́ síbẹ̀. Gbogbo Yorùbá tí ó ti gbọ́ àwo orin rí ni ó mọ̀ pé àwo lè họ, àti pé bí ó bá ti họ, orin ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ìmọ̀ yẹn ni a nílò gan-an.

Bí àwo-ìpamọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Èyí àkọ́kọ́, tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1956, ní àwo 50, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì; àwọn àwo náà ń yí ní ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ kò sì gbà ju lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tiwa kò tó ìwé àdúrà. Ẹ̀rọ kékeré kan ń yí àwo. Apá kan gbé orí tín-ín-rín dání sókè àwo náà. Orí yìí ni ó ń kọ, òun náà ni ó sì ń kà. Orí kò gbọdọ̀ kan àwo nígbà tí àwo ń yí. Afẹ́fẹ́ tí yíyí àwo ń rú sókè ni ó gbé e ró, àyè tí ó sì wà láàárín wọn fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún tín-ín-rín ju irun orí lọ. Eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo tóbi ju àyè náà lọ, nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kò ṣe gbọdọ̀ ṣí àwo-ìpamọ́ lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó.

Ibo wá ni ìró ti ń wá? Ọ̀kan ń wá láti inú yíyí. Àwo tí ó ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àgbéléṣẹ̀, ń yí ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó ń yí ní ìgbà 7,200, tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ń yí ní ìgbà 120. Etí ń gbọ́ irú èyí gẹ́gẹ́ bí ohùn ìsàlẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ ni ọ̀pá àwo ń yí lé lórí, ìró náà le ju báyìí lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn tí ń ṣe é ti fi òróró rọ́pò bọ́ọ̀lù wọ̀nyí, ariwo sì rọlẹ̀ gan-an. Ìró kejì ń wá láti ara apá tí ń sáré lọ sáré bọ̀ láti wá ibi tí orí yóò ti kà. Ìró kẹta ni ti àìsàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èdè wa ní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa da ọ̀pọ̀ nǹkan sínú ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń túmọ̀ sí "ariwo". Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í sọ pé agogo ń pariwo. Agogo ń ró. Ìlù ń dún, oyin ń kùn, àkùkọ ń kọ, ohùn tí ó mú a máa han. Ìró ni ohun tí nǹkan ń ṣe; ariwo ni ìró tí ẹni tí ń gbọ́ ọ kò fẹ́. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi "ariwo" ṣe olórí ọ̀rọ̀-ìperí ní ibí yìí. Ẹni tí ó bá kọ "bí àwo-ìpamọ́ rẹ bá ń pariwo" ti sọ ohun tí ó dun òǹgbọ́, kò tíì sọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ. Ìbéèrè tí ẹnjiníà náà bi mí fi èyí hàn: kò bi mí bóyá ariwo pọ̀, ó bi mí irú èyí tí ó jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tí ìró wọn fúnra rẹ̀ ń ṣàpèjúwe. N ó pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ afìró-ṣàpèjúwe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí wọn tipẹ́; E. C. Rowlands ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1970. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ohùn ń ṣiṣẹ́ nínú wọn: ohun tí ó ṣe róbótó kéré sí ohun tí ó ṣe ròbòtò, ríbítí kò tó rìbìtì. Ohùn òkè fún kékeré àti fífúyẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá àti wíwúwo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Otigba kò ka ìwé kankan lórí èyí, síbẹ̀ òfin náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Apá tí ń wá ọ̀nà rẹ̀ kiri lórí àwo tí ara rẹ̀ dá ń dún kárá-kárá. Orí tí ó ti wó lé àwo, tí ó ń họ ọ́, ń dún kàrà-kàrà. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà; ohùn nìkan ni ó yàtọ̀. Èkíní sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Èkejì sọ pé kí o fa wáyà iná yọ lójú ẹsẹ̀. Bí a bá sì ti kọ wọ́n láìsí àmì, bí mo ti ṣe, wọ́n di ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ ní 1990, kọ́ wa láti fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú, láti ṣẹ̀dá, àti láti yá ọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá tọ́. Iṣẹ́ ìkọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ti ìdí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìlànà náà ṣeé mú lò. Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí a so ọ̀rọ̀ afìró-ṣàpèjúwe mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ń sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kí àwọn méjèèjì máa rìn pọ̀: ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún òye.

Ìró tí kò dáwọ́ dúró ni mo pè ní ìró kíkùn: yùn-ùn. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ títí tí ó fi ń han gooro, ibi tí ọ̀pá àwo ń yí lé lórí ti ń jẹ. Kí a da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn nígbà tí àyè ṣì wà. (Ẹ kíyè sí ohùn: "híhan" ni mo kọ, bí a bá kọ ọ́ ní "híhàn", a ti wọ inú ọ̀rọ̀ ojú.) Ìró tí apá ń ṣe bí ó ti ń wá ibi tí yóò kà ni ìró ìwákiri, kárá-kárá, àwọn àwo-ìpamọ́ kan ní àwọn ọdún 2000 tilẹ̀ ní ètò tí a fi lè dín eré apá náà kù kí ìró yìí lè rọlẹ̀. Ìró kan ṣoṣo, kọ́, tí a ń gbọ́ nígbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà, ni ìró ìgúnlẹ̀. Mo yá a lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi: orí ti padà sí ibùdókọ̀ rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀ ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ iná tí a mọ̀ sí NEPA ti yí orúkọ padà ní 2005, ìjọba sì ti tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013, ṣùgbọ́n "NEPA ti mú iná lọ" ni a ṣì ń wí. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí iná bá lọ lójijì, àwo-ìpamọ́ ní láti fi agbára tí ó ṣẹ́kù nínú yíyí àwo gbé orí gúnlẹ̀ ní kíákíá, ìró rẹ̀ a sì le ju ti ìgbà tí a fọwọ́ ara wa pa á lọ. Àwọn tí ń ṣe é mọ iye ìgbà tí ó lè ṣe irú èyí kí ó tó rẹ̀ ẹ́, iye náà sì kéré púpọ̀ sí ti ìgúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí náà, bátìrì tí ń gba iṣẹ́ iná fún ìṣẹ́jú mélòó kan kì í ṣe afẹ́ ní Agége. Òun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àwo-ìpamọ́ tí ń dún.

Bí kọ́ yìí bá wá di kọ́… kọ́… kọ́, tí ó ń padà wá ní ìwọ̀n kan náà, tí kọ̀ǹpútà kò sì rí àwo náà mọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Orí kò rí àmì tí ó fi ń mọ ibi tí ó wà. Apá ń nà dé òpin, ó ń padà, ó tún ń nà. Mo pè é ní ìró ìkànkùn, nítorí pé bí ẹni tí ń kànkùn ilé tí kò sí ènìyàn ni ó rí. Ní ibi yìí ni ìtumọ̀ olọ́rọ̀-kọ̀ọ̀kan ti burú jù lọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe ìró yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ tí ìka ń ṣe lórí asin kọ̀ǹpútà, èyí tí àwa ti gbà láti máa pè ní "títẹ̀". Mo ti rí i nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó kọ "ariwo títẹ̀ láti inú àwo líle". Kò sí ẹni tí yóò ka èyí tí yóò mọ̀ pé ewu wà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kọ́ ọgbọ́n yìí pẹ̀lú àdánù: ní 1998, nígbà tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ń jáde láti inú ẹ̀rọ Zip ti ilé-iṣẹ́ Iomega, tí ó sì ń ba ohun tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ jẹ́, wọ́n so ikú mọ́ orúkọ ìró náà, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́.

Ìró kàrà-kàrà ni ó fún mi ní ìyọnu jù lọ, kì í ṣe ní ti àdánù nìkan. Mo kọ́kọ́ ronú sí "ìró lílọ̀", ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ ata mọ̀ọ́mọ̀ ń lọ̀ ọ́ ni, ohun rere sì ni yóò ti inú rẹ̀ jáde. "Fá" tọ́ ní ìtumọ̀, àmọ́ ẹni tí ó bá sọ ọ́ di orúkọ yóò bá ara rẹ̀ nídìí Ọ̀rúnmìlà. Mo wá fara mọ́ "ìró ìhọ" fún ìgbà díẹ̀.

Ó ku ìró kan: pín-ín, pín-ín, bí ti òròmọdìẹ, tí àwo kò sì yí rárá. Ó lè jẹ́ pé orí ti lẹ̀ mọ́ àwo, tàbí pé ọ̀pá ti há, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé iná tí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó. Nítorí náà, wáyà ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀. Mo pè é ní ìró ìtiraka.

Fún ìró tí kò léwu tí ó kàn ń dí oorun tàbí kíláàsì lọ́wọ́, ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fáànù ni, nítorí pé fáànù tí eruku kún máa ń gba ẹ̀bi àwo-ìpamọ́, àwo-ìpamọ́ náà a sì máa gba ẹ̀bi fáànù. Kí a wo àwọn síkúrù: èyí tí ó tú a máa jẹ́ kí gbogbo àpótí irin gbọ̀n pẹ̀lú àwo. Rọ́bà pẹlẹbẹ láàárín àwo-ìpamọ́ àti irin tí ó gbé e ró ń gé ìgbọ̀nrìrì náà kúrú. Aṣọ nínípọn lábẹ́ kọ̀ǹpútà náà a máa ṣe é bí tábìlì bá jẹ́ pákó tí inú rẹ̀ ṣófo, kí a sáà má fi aṣọ dí ihò afẹ́fẹ́. Kí a má ṣe gbá a. Kí a má sì ṣe gbé e sínú fírísà, ìmọ̀ràn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ju ènìyàn kan lọ: omi tí yóò lẹ̀ mọ́ àwo nígbà tí ó bá jáde sínú ooru Èkó burú ju àìsàn tí ó gbé wọlé lọ.

Àwo-ìpamọ́ náà ń gbọ́ ìró tiwa. Ní 2008, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ Sun, Brendan Gregg, fi hàn nínú fídíò pé bí òun bá kígbe mọ́ àwọn àwo-ìpamọ́ láti ìtòsí, iṣẹ́ wọn ń falẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, báǹkì ING ní Bucharest, ní Romania, dán ètò ìpaná rẹ̀ wò. Ariwo afẹ́fẹ́ tí ó tú jáde ba ọ̀pọ̀ àwo-ìpamọ́ jẹ́, iṣẹ́ báǹkì náà sì dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní 2022 ni Raymond Chen ti Microsoft sọ ìtàn àwo-ìpamọ́ oní-5,400 kan láyé àtijọ́ tí orin Janet Jackson kan máa ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, nítorí pé ìró kan nínú orin náà bá ìgbọ̀nrìrì àdámọ́ àwo-ìpamọ́ náà mu. Ẹni tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà lé orí gbohùngbohùn ńlá nílé ìjọsìn tàbí níbi ìnáwó, kí ó gbé e kúrò.

Mo gbé àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí padà lọ sí Otigba àti sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Agége. Wọ́n gba ìkànkùn kíákíá. Ọmọ iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń lò ó kí n tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n gba ìgúnlẹ̀ àti ìwákiri. Ìtiraka kò dùn mọ́ wọn rárá: "Ó ń sunkún" ni wọ́n máa ń sọ, mo sì ti fa ìlà pa tèmi, mo kọ "ìró ẹkún" rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bi mí ohun tí a ó pe èyí tuntun tí kò ní àwo, tí kì í yí, tí kì í sì dún. Mo ní ìpamọ́ aláìláwo. Wọ́n ní ó gùn.

Lórí ìró ìhọ, a kò tíì fẹnu kò. Nígbà tí mo tún ń tẹ́tí sí àwọn ohùn tí a rí gbà padà, mo gbọ́ ibi tí bàbá kan ti ń ṣàlàyé ohun tí ó máa ń gbọ́ nígbà tí irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin nínú ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ó ń payín keke." N kò kíyè sí i nígbà tí mo ń gbà á sílẹ̀. Mo sọ fún ẹnjiníà náà pé bóyá ìpayínkeke ni kí a máa pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dọ́kítà, ìyẹn ti wọ ọ̀run àpáàdì o, sà." Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun fi bi àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhọ, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, mo sì fi àmì ìbéèrè sí i.